Ẹsẹ̀ Àgbà Kì í Dàgbà

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Ṣógúnlé pé ta ni Ìyá Khàlíl, wọn yóò ti nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù mi kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀. Èmi ni Bàṣírátù, ọmọ Rùfáì oníbàtà. Kì í ṣe pé mo ń yangàn o. Tàbí ká kúkú sọ òótọ́, mo ń yangàn. Ẹni tó ti ń rán bàtà láti ọdún méjìlélógún, tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá bàtà padà fún pé kò gba ẹsẹ̀ òun, ó yẹ kó lè yangàn díẹ̀.

Ọ̀yọ́ ni bàbá mi ti wá sí Èkó. Nígbà tó fẹ́ kú, kò fi ilé sílẹ̀, kò fi ilẹ̀ sílẹ̀. Àpótí onírin kan ló fi lé mi lọ́wọ́, ìwé ẹsẹ̀ ló sì kún inú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wá dá bàtà lọ́dọ̀ wa, a ó ní kó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, kó dúró lórí páálí funfun, a ó wá fi pẹ́ńsùlù fa ìlà yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. A ó kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ sí i. Bàbá mi máa ń sọ pé, "Ẹsẹ̀ ọmọdé ló ń dàgbà. Ẹsẹ̀ àgbà kì í dàgbà. Bí o bá ti ní ìwé ẹsẹ̀ àgbà lọ́wọ́, fi ọkàn balẹ̀."

Tíṣà Adéyẹyè wà nínú àpótí yẹn. Ọmọ Ìsọlọ̀ gan-an ni, ọdún márùndínlógójì ló fi ṣiṣẹ́ olùkọ́, ó sì fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òun ló kọ́ mi ní Páráìmárì Fáìfù. Lọ́jọ́ kan, ó ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń ya bàtà sínú ìwé ìṣirò mi. Ó nà mí lẹ́gba mẹ́fà. Nígbà tó nà mí tán, ó tún gbé ìwé náà, ó wò ó títí, ó wá bi mí pé níbo ni mo ti rí irú bàtà yẹn, nítorí òun yóò fẹ́ ní ọ̀kan. Bó ṣe di oníbàárà bàbá mi nìyẹn, bàbá mi sì fi í lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú àwọn yòókù.

Ohun tí gbogbo Ìsọlọ̀ fi mọ Tíṣà ni máàṣì. Bí ilé ìwé bá ń ṣe eré ìdárayá, òun ló máa ń ṣáájú àwọn ọmọ, àyà á yọ síwájú, ọwọ́ á máa fì, bàtà rẹ̀ á máa dún kò, kò, kò lórí kọnkéré. Àwọn òbí tí kò lọ́mọ nínú eré rárá máa ń wá wò ó. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ ilé ìwé àtijọ́ ránṣẹ́ sí i pé bí ilé ìwé bá pé ọgọ́ta ọdún, gbogbo àwọn ni yóò máàṣì, tàgbà tèwe, òun ni yóò sì tún ṣáájú. Láti ọjọ́ náà ni Tíṣà ti ń lọ sí pápá ní ojoojúmọ́ láti dánra wò. Ọmọ àádọ́rin ọdún ó lé ọ̀kan.

Lẹ́yìn àjíǹde, ó gbé bàtà rẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ wá, ó ní ó ń fún òun. Mo wo ojú rẹ̀. Ó ń dán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ. Ọkùnrin tó ti ń gbẹ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n! Inú mi dùn.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Tíṣà, ẹ ti sanra o! Ìfẹ̀yìntì yẹ yín. Ẹ ń jayé o."

"Ìyàwó mi ló ń tọ́jú mi," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ó máa sanra sí i, sà."

"Àmín."

Mo ki igi bọ bàtà náà, mo nà án fún ọjọ́ méjì, ó gbé e lọ. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé èmi náà sọ bẹ́ẹ̀, ẹnu ara mi ni mo fi gbàdúrà pé kó pọ̀ sí i. Ẹ rántí rẹ̀ bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ló wá dá bàtà máàṣì. Dúdú ló fẹ́, alátẹ́lẹsẹ̀ awọ, kí ó lè dún. Ó ń kánjú lọ sí pápá lọ́jọ́ náà, mi ò tún ẹsẹ̀ rẹ̀ fà. Kí ni mo fẹ́ fà á fún? Ìwé bàbá mi wà níbẹ̀. Mo gbé e jáde, mo fi gé awọ, mo sì rán bàtà kan tí mo mọ̀ pé bí bàbá mi bá rí i, yóò mú un yípo lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló wá gbà á, lẹ́yìn ìrun, ìgbà tí ọ̀nà wa máa ń kún. Oníbàárà méjì ń dúró dè mí. Adébánjọ, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan tèmi, wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Tíṣà jókòó, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo kúnlẹ̀ láti fi bàtà sí i. Kò wọlé. Mo mú ṣíbí tí a fi ń wọ bàtà, mo tún gbìyànjú. Kò wọlé.

"Bàṣírá," ó wí, ohùn kíláàsì ló sì fi sọ ọ́, "bàtà yìí kéré."

Adébánjọ dá ẹ̀rọ dúró.

"Kò lè kéré, sà. Ìwé yín ni mo fi gé e."

"Ìwé wo? Ṣé ìwé ló fẹ́ wọ̀ ọ́ ni, àbí èmi?" Adébánjọ bú sẹ́rìn-ín, àwọn oníbàárà náà bá a rín in. Tíṣà gbé bàtà náà sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni gbé nǹkan ìdọ̀tí. "Ọwọ́ rẹ ti ń yẹ̀. Bàbá rẹ kò jẹ́ ṣe irú èyí."

Ẹ bú mi, ẹ bú iṣẹ́ mi, màá fara dà á, ṣùgbọ́n ẹ má fi bàbá mi bú mi. Ooru mú mi dé etí. Mo wọlé lọ gbé páálí rẹ̀ wá, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú gbogbo wọn.

"Ẹ dúró lé e, sà. Kí ẹ̀yin náà rí i."

Ó dúró lé e. Ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá ìlà bàbá mi yíká, bí ìbú ìka kékeré mi. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí pé páálí ẹlòmíràn ni mo gbé, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọwọ́ bàbá mi ló kọ ọ́. Mo di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú láti sún un, kí n lè wò ó dáadáa. Nígbà tí mo mú ọwọ́ kúrò, ojú àtàǹpàkò mi kù síbẹ̀. Ó jin kòtò sínú ẹran ara rẹ̀, bí ẹni tẹ amọ̀ tútù. Mo kà á láti ení dé ogún nínú ara mi, kòtò náà kò tíì kún.

Ìbínú mi tán lẹ́ẹ̀kan náà.

"Tíṣà," mo wí jẹ́jẹ́, "èyí kì í ṣe ọ̀rá. Ọ̀rá kì í jin báyìí. Omi ló wà nínú ẹsẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ lọ rí dókítà."

"Ìgbà wo lo di dókítà? Ìwọ lo rán bàtà kéré, o wá ń fi àìsàn lọ̀ mí!" Ó ti ń wọ sálúbàtà rẹ̀. "Rán òmíràn tó tóbi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ló kù."

"Mi ò ní rán an, sà."

Mi ò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde. Mi ò kọ iṣẹ́ rí láyé mi. Tíṣà wò mí bí ìgbà tí mo wà ní Páráìmárì Fáìfù, ó yíjú padà, ó sì jáde lọ dá kẹ̀kẹ́ dúró.

"Ìyá Khàlíl," Adébánjọ pariwo láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ rẹ̀, "ẹ ò bá kúkú rán èyí tó tóbi fún baba, kẹ́ ẹ gba àlàáfíà."

"Adébánjọ, bí ṣòkòtò bá fún ènìyàn, ìwọ lè tú u kí o fẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ ò ṣeé tú. Mójú tó ẹ̀rọ ẹ."

Mo gbé bàtà dúdú náà sórí pẹpẹ, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i.

Mi ò ní parọ́ fún yín. Ohun tó gbé mi lọ sí Ìsọlọ̀ lọ́jọ́ Àìkú kì í ṣe àánú Tíṣà nìkan. Àánú wà níbẹ̀, ẹ̀rù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbéraga náà wà níbẹ̀: mo fẹ́ kí ó gbà pé bàtà mi kò kéré. Mo wọ kẹ̀kẹ́ dé Apakun, mo wọ òmíràn dé Ìsọlọ̀, páálí mẹ́ta wà lábẹ́ abíyá mi.

Tíṣà ti lọ sí pápá. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Kẹ́milọ́lá, ni mo bá nílé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Kò tíì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kí n tó jókòó dáadáa ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ rẹ̀ yangàn.

"Ṣé ìwọ náà rí bí ojú ẹ̀ ṣe ń dán? Gbogbo ìjọ ló ń kí mi. Wọ́n ní mo mọ ọkọ tọ́jú. Mo ní ẹ ò tíì rí nǹkan kan."

Mo sọ ohun tí mo rí fún un. Mo ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ ń yí padà. Nígbà tí mo dé ibi tí àtàǹpàkò mi ti jin, ó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀.

"Bàṣírá, ọdún márùndínlógójì tó fi ń jẹ ẹfun ṣọ́ọ̀kì, gbígbẹ ló gbẹ bí igi ìdáná. Kò sẹ́ni tó sọ pé àìsàn ni. Ìsinsìnyí tí ẹran kàn án lára, ìwọ lo wá rí àìsàn níbẹ̀. Ẹnu rẹ ò ní ba ọkọ mi."

"Àṣẹ, Màmá. Ẹ má gbà mí gbọ́." Mo tẹ́ páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Lówùúrọ̀, bó bá ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ó tó rìn rárá, ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi bírò fà á lórí páálí kan náà. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Bó bá béèrè, ẹ ní ìwọ̀n bàtà ni mo fẹ́. Ọ̀rá kì í lọ sùn kó tún jí padà dé. Bó bá jẹ́ ọ̀rá ni, ìlà méjèèjì yóò bára mu, èmi Bàṣírátù, èmi mùsùlùmí, màá wá kúnlẹ̀ bẹ̀ yín níwájú gbogbo ìjọ yín."

Ó gba páálí náà. Ojú rẹ̀ sọ fún mi pé ó ti ń wo ibi tí màá kúnlẹ̀ sí.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé ìyẹn ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò kí Adébánjọ, kò kí èmi náà. Ó to páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí bẹ́ǹṣì, ó sì jókòó. Ìlà pẹ́ńsùlù wà nínú, ìlà bírò wà lóde, ó jìnnà sí i. Lórí páálí kejì, ó tún jìnnà ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Lówùúrọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá fọn," ó wí, ó ń wo ilẹ̀, "ojú ẹ̀ ló máa ń wú. Ìpéǹpéjú ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Mi ò wò ó rí bẹ́ẹ̀. Dídán ni mò ń rí." Ó fi ìka tọ ìlà bírò. "Bàṣírá, omi ni mo ti ń yìn láti ọjọ́ yìí."

Mo dì í mú. Mo sọ fún un pé èmi náà yìn ín, pé mo tilẹ̀ gbàdúrà pé kó pọ̀ sí i. A jọ sunkún díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn, lẹ́yìn náà a nu ojú, mo ti ṣọ́ọ̀bù, a sì gba Ìsọlọ̀ lọ.

Tíṣà wà nílé, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé àga. Bó ṣe rí wa pọ̀, ó mọ̀.

"Ẹ má dà mí láàmú. Mi ò ní lọ sí ọsibítù kankan títí máàṣì yóò fi kọjá. Bí mo bá débẹ̀, wọ́n á dá mi dúró. Mo mọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn máàṣì, ẹ gbé mi lọ síbi tó bá wù yín."

Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ń mi orí. Mo wá rántí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọkùnrin yìí kò gba ẹ̀bẹ̀ ọmọ kankan rí, ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ tí ọmọ gbé wá síwájú rẹ̀ tí kò yẹ̀ wò. Mo tẹ́ páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì rẹ̀, mo sì ká ọwọ́ mi sẹ́yìn bí a ti máa ń ṣe.

"Sà, mi ò wá bẹ̀ yín. Iṣẹ́ àmúrelé ni mo mú wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi máàkì í."

Ó wò mí títí. Mo rò pé yóò lé mi jáde. Ó na ọwọ́ mú ìgò ojú rẹ̀, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú bírò pupa àti rúlà jáde. Ó wọn àlàfo tó wà láàárín ìlà méjèèjì ti ọjọ́ kìíní, ó kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́. Ó wọn ti ọjọ́ kejì. Nígbà tó dé ti ọjọ́ kẹta, ó gbé rúlà sílẹ̀. Ó tẹ ojúgun ara rẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò, ó mú ọwọ́ kúrò, ó sì ń wo kòtò náà. Aago ara ògiri ń lọ.

Ó tún gbé bírò pupa. Ó fa àmì pé ó tọ̀nà sórí páálí kìíní, sórí èkejì, sórí ẹ̀kẹta. Ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀: mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ní gbogbo ọdún tí mo fi wà ní kíláàsì rẹ̀, kò fún mi ju mẹ́fà lọ rí.

"O gbà á, Bàṣírá," ó wí. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Bá mi mú sálúbàtà mi."

Ní ọsibítù, dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìrètí ló gbà wá. Kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ó tẹ ẹsẹ̀ Tíṣà méjèèjì, ó gbọ́ àyà rẹ̀, ó wo ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Omi kì í ṣàdédé dúró sára, Bàbá," ó wí. "Nǹkan ló ń dá a dúró. Ó lè jẹ́ pé ọkàn kò lágbára mọ́ láti tú ẹ̀jẹ̀ ká. Ó lè jẹ́ ẹ̀dọ̀, ó lè jẹ́ kíndìnrín, ó lè jẹ́ oògùn tí ènìyàn ń lò. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ló wú lójijì tó ń dùn yín, ẹ̀rù máa bà mí pé ẹ̀jẹ̀ ti dì síbẹ̀. Tiyín, ẹsẹ̀ méjèèjì ni, ojú náà ń wú lówùúrọ̀. Ṣé ìtọ̀ yín ń hó?"

Tíṣà wo èmi obìnrin tó kọ́ níwèé, ó wo ìyàwó rẹ̀, ojú tì í. "Ó ń hó bí omi ọṣẹ."

"Oògùn wo lẹ ń lò?"

"Kò sí o. Àfi ti orúnkún. Bí mo bá ti pápá dé, ó máa ń ro mí. Mo máa ń lo méjì láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́."

"Láti ìgbà wo?"

Ó kà á lórí ìka. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé àtijọ́ ti ránṣẹ́ sí i ni. Nítorí máàṣì ló fi ń lọ sí pápá, nítorí pápá lorúnkún fi ń ro ó, nítorí orúnkún ló fi ń gbé oògùn mì bí ẹni jẹ ẹ̀pà, kò sì sí dókítà kankan tó ní kó lò ó.

Wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí èsì dé, Dókítà Ìrètí fa àga sún mọ́ ọn. Ó ní kíndìnrín rẹ̀ ń jò. Èròjà tó yẹ kó dúró nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń bá ìtọ̀ jáde, bí kò bá sì sí nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́, omi á máa yọ́ jáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹran ara. Ó ní oògùn orúnkún yẹn ni òun fura sí jù, iyọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń ràn án lọ́wọ́.

"Ẹ ṣeun tí ẹ tètè wá," ó wí. "Bí ẹ bá tún lò ó fún oṣù mélòó kan sí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni yóò máa bá yín fọ ẹ̀jẹ̀." Ó gbé àwọn páálí náà sókè, ó ń wò wọ́n. "Ta ló ní kí ẹ ṣe èyí?"

"Oníbàtà mi ni," Tíṣà dáhùn. "Mo kọ́ ọ níwèé."

Dókítà náà ní kí n jẹ́ kí òun fi ọ̀kan sínú fáìlì. Mo ní kó mú èyí tí ìlà rẹ̀ hàn jù.

Wọ́n dá a dúró lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bó ti bẹ̀rù. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó padà sílé, kò tíì lè rìn jìnnà. Ọjọ́ máàṣì dé, orí ìjókòó ló wà nílé, èmi àti ìyàwó rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kẹ́milọ́lá, ọmọ rẹ̀, lọ sí pápá, ó sì fi fóònù pè é kí ó lè gbọ́. A gbọ́ báǹdì, a gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn. Kẹ́milọ́lá ń pariwo pé, "Dádì, wọ́n fi ààyè yín sílẹ̀ níwájú! Kò sí ẹni tó dúró síbẹ̀!" Mo rí ẹsẹ̀ Tíṣà lábẹ́ aṣọ tó fi bò ó, ó ń lọ sókè sódò, lẹ́fùtù, ráìtì. Mo sáré jáde sí gbàgede, nítorí mi ò fẹ́ kó rí ojú mi.

Bàtà dúdú wà lórí pẹpẹ mi ní gbogbo ìgbà yìí. Oníbàárà mẹ́ta ló fẹ́ gbé e, mi ò fún wọn. Adébánjọ ní kí n fi orúkọ bàtà náà sára ilé nítorí ó ti di onílé. Mo ń nù ún láràárọ̀, mo ń kùn ún ní Jímọ̀ Jímọ̀. Oṣù márùn-ún kọjá. Mò ń gbọ́ pé Tíṣà ti pa oògùn orúnkún tì, pé Ìyá Kẹ́milọ́lá ti gbé iyọ̀ kúrò nídìí ààrò, pé oògùn dókítà ń mú un tọ̀ bí òjò, pé ìtọ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ hó mọ́. Mi ò lọ fà á ní páálí. Mo ní bó bá yá, yóò wá fúnra rẹ̀.

Ó wá ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, ìgbà tí ọ̀nà wa máa ń kún. Mo mọ̀ pé ó dìídì mú àkókò yẹn ni. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó ti gbẹ! Ọrùn rẹ̀ ti yọ, ojú rẹ̀ ti padà sí ojú olùkọ́ tí mo mọ̀, kò dán rárá. Mi ò rí ohun tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí. Kò jókòó. Ó nawọ́ sí pẹpẹ.

"Bá mi gbé e."

Mo kúnlẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé láìsí ṣíbí. Ti òsì wọlé. Mo so okùn wọn. Mo gbé páálí bàbá mi wá, ṣùgbọ́n Tíṣà kò wò ó. Ó ti jáde sí ojú ọ̀nà.

Ó nà ró. Ó yọ àyà síwájú. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, kò, kò, kò, lórí kọnkéré Ṣógúnlé, ọwọ́ rẹ̀ ń fì, kò yára, kò fà. Oníkẹ̀kẹ́ kan dúró fún un. Àwọn ènìyàn jáde láti ṣọ́ọ̀bù wọn. Ó dé ìkángun ọ̀nà, ó yí padà bí ọmọ ogun, ó tún ń bọ̀. Adébánjọ ti kúrò lórí ẹ̀rọ, ó dìde dúró, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Tíṣà dúró níwájú rẹ̀ gan-an.

"Ìwọ télọ̀, o wà níbí lọ́jọ́ yẹn."

"Mo wà níbí, sà."

"Gbọ́ ọ dáadáa. Bàtà yìí kò kéré rí. Ẹsẹ̀ mi ló parọ́." Ó yíjú sí mi. Omi dúró lójú rẹ̀, ó jẹ́ kó dúró síbẹ̀. "Rùfáì ìbá ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bàṣírá, orí mi wú."

Kí n tó dáhùn, Ìyá Kẹ́milọ́lá ti fò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Wú? Níbo ló wú?" Ó ti ṣí fìlà rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ orí rẹ̀ kiri, ó ń wò ó bóyá ó jin. Gbogbo ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà náà ń rín, ó ń gbìyànjú láti gba fìlà rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń tẹ̀ ẹ́, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo gbé e kúrò lórí ọkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ fi sílẹ̀, Màmá," mo wí. "Ẹ jẹ́ kó wú. Èyí kì í ṣe omi."